Ẹ Wá Wo Etí-Òkun Ìlàjẹ, Ilẹ̀ Tí Jámánì Fẹ́ Gbà Ní 1885

Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Òwe yìí bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa wí nígbà tí ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò bá délẹ̀. Ẹni tí ó bá rí owó kó jọ, Lọ́ńdọ̀nù tàbí Dubai ni yóò máa lá lálàá. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ yóò ní òun fẹ́ gun Òkè Olúmọ, tàbí kí òun wẹ̀ nínú omi gbígbóná Ìkọ̀gòsì, tàbí kí òun ka àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè. Gbogbo wọn ló dára, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ta ni ẹ ti gbọ́ rí tí ó ní, “Ìlàjẹ ni mò ń lọ ṣeré ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀”?

Àwọn oníṣòwò ń dé Igbókòdá lóòótọ́. Wọ́n á ra ẹja, wọ́n á dì í, wọ́n á sì wọ ọkọ̀ padà kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn olùkọ́ tí ìjọba bá sì gbé wá sí ọ̀dọ̀ wa a máa fajúro bí ẹni pé ẹ̀wọ̀n ni wọ́n rán wọn lọ. Wọ́n á ní omi pọ̀, wọ́n á ní ẹ̀fọn pọ̀, wọ́n á ní àwọn kò mọ omi í wẹ̀. Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, olùkọ́ ni mí ní Máhìntẹ̀dó. Orúkọ ìlú náà sọ ara rẹ̀: Máhìn tẹ̀dó síbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wá wo etí-òkun wa, kí ẹ mọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà, ohun tí ẹ ó jẹ, ohun tí ẹ ó rà, àti ìwà tí ẹ ó hù. Mo sì fẹ́ kí ẹ yára, nítorí apá kan nínú ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ń wọ inú òkun lọ lójoojúmọ́.

ILẸ̀ JÁMÁNÌ TÍ KÒ PÉ ỌDÚN KAN

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn kan tí ó máa ń ya àlejò lẹ́nu. Díẹ̀ ló kù kí ilẹ̀ Máhìn yìí di ti Jámánì.

Ní ọdún 1861 ni Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá kó ọtí tàbí ẹ̀tù ìbọn wọ èbúté Èkó yóò san owó ibodè fún Gẹ̀ẹ́sì. Ilé òwò Jámánì kan wà ní Èkó nígbà náà, G. L. Gaiser ni orúkọ rẹ̀, ìlú Hamburg ni wọ́n ti wá. Epo pupa àti èkùrọ́ ni wọ́n ń rà. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ bí ọ̀rọ̀ owó ibodè ti máa ń rí lára: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá etíkun mìíràn tí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò tí ì tó, níbi tí ọkọ̀ wọn lè gúnlẹ̀ sí. Ojú wọn já sí etíkun Máhìn, tí ó wà láàárín Èkó àti ẹnu odò Benin.

Ní àkókò yìí gan-an ni àwọn òyìnbó jókòó ní Berlin, láti oṣù kọkànlá ọdún 1884 títí di oṣù kejì ọdún 1885, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí bí wọn yóò ti pín Áfíríkà. Dókítà Gustav Nachtigal, arìnrìn-àjò tí ó ti gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá rí, ni ìjọba Jámánì rán wá sí etíkun wa. Ní oṣù keje ọdún 1884 ó ti gbé àsíá Jámánì kalẹ̀ ní Togo àti ní Kamẹrúùnù. Nígbà tí ọdún 1885 bẹ̀rẹ̀, ó dé Máhìn, ó sì bá Amapetu, ọba Máhìn, ṣe àdéhùn ààbò.

Ṣùgbọ́n ènìyàn ń gbèrò, Ọlọ́run ń ṣe tirẹ̀. Nachtigal kú nínú ọkọ̀ ogun tí ó ń gbé e lọ sílé, ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 1885, nítòsí Cape Palmas ní etíkun Liberia. Bismarck tí í ṣe olórí ìjọba Jámánì kò fẹ́ bá Gẹ̀ẹ́sì jà nítorí Máhìn. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀ fún wọn, kí ọdún 1885 náà sì tó parí, Máhìn ti bọ́ sí abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ká ní kò rí bẹ́ẹ̀ ni, bóyá èdè Jámánì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé mi lónìí, bí wọ́n ti ń kọ́ Faransé ní Kutọnu.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ìlú Jámánì tí ayé kò kà sí láti bẹ̀ wò, ẹ sọ fún un pé kí ó wá sí Máhìn. Kí ó má retí ilé alárinrin tí àwọn Gaiser kọ́. Ìtàn náà wà, omi náà wà, ààfin Amapetu sì wà.

BÍ Ẹ Ó TI DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Láti Èkó, ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde ni ẹ ó gbà títí ẹ ó fi dé Ọ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ yóò gba Oǹdó dé Ọ̀rẹ̀ kan náà. Ọ̀rẹ̀ yìí ni ibi tí wọ́n ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra dúró ní ọdún 1967, tí àwọn ènìyàn fi ń sọ títí di òní pé, “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!” Láti ibẹ̀, ẹ kọjú sí gúúsù, ẹ gba Òkìtìpupa ní ilẹ̀ àwọn Ìkálẹ̀ tí í ṣe ará ilé wa, kí ẹ sì máa bọ̀ ní Igbókòdá.

Ẹ má sùn nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà yìí. Ẹ máa wo bí ilẹ̀ ti ń yí padà. Ní Òkìtìpupa, oko ọ̀pẹ ni ẹ ó rí lọ súà. Bí ẹ bá ti ń sún mọ́ wa, ọ̀pẹ á dínkù, ògùrọ̀ á pọ̀ sí i, ilẹ̀ á máa rọ̀, omi dúdú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lábẹ́ igi. Nígbà tí ẹ bá fi rí i pé ọkọ̀ ojú omi pọ̀ ju ọkọ̀ orí ilẹ̀ lọ, ẹ ti dé.

Igbókòdá ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ láti ọdún 1996. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí ilé tí ẹ ó sùn sí, nítorí n kò gba àlejò tí kò ní ẹni mọ̀ nímọ̀ràn láti lọ sùn ní àwọn ìlú orí omi. Ẹ sùn ní Igbókòdá, ẹ jí ní kùtùkùtù, ẹ wọ ọkọ̀ omi lọ, kí ẹ sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

ỌJÀ ETÍ OMI

Ẹ̀yin oníṣòwò, tiyín rèé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ ọjà, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn alájàpá ẹja ní ìlú yín, wọn yóò sọ ọ́ fún yín láìyọ kan sílẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó mọ́ tán ni àwọn ọkọ̀ ti máa ń dé láti àwọn abúlé etí òkun: agbọ̀n ẹja yíyan, àpò edé, akàn tí a fi okùn dè lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, ẹní, ògógóró nínú kẹ́ẹ̀gì. Àwọn ará òkè ilẹ̀ náà á kó ẹ̀gẹ́, iṣu, ata àti aṣọ wá. Láti ìgbà àwọn baba wa ni omi àti ilẹ̀ ti ń ṣe pàṣípààrọ̀ báyìí. Ní ayé àtijọ́, iyọ̀ wà lára ohun tí a ń tà fún ará òkè, iyọ̀ tí a sè láti inú omi òkun.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Ẹja tí a fi igi ẹ̀gbà yan ni kí ẹ bèèrè. Ẹ̀gbà ni igi etí omi tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró bí ẹsẹ̀ akàn. Iná rẹ̀ a máa gbóná, a sì máa pẹ́. Ẹja tí ó bá yan dáadáa yóò le, kì yóò tẹ̀ bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, òórùn rẹ̀ yóò sì jẹ́ ti èéfín, kì í ṣe ti ìrà. Ẹ wo abẹ́ agbọ̀n, ẹ má wo òkè nìkan. Èyí kò yàtọ̀ sí ọjà yòókù. Ṣùgbọ́n ẹ má ná an ní ìnákúnàá. Obìnrin tí ó gbé ẹja náà wá ti san owó epo ọkọ̀, ó ti san owó igi, ọkọ rẹ̀ sì ti sùn sórí omi. Bí ẹ bá ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yóò di oníbàárà yín, yóò sì máa fi ojúlówó pa mọ́ dè yín. Mo mọ ìyá kan tí ó bẹ̀rẹ̀ òwò edé báyìí pẹ̀lú agbọ̀n kan ṣoṣo, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti inú òwò náà lọ sí ilé-ìwé gíga.

Ẹ má gbàgbé ẹní. Àwọn obìnrin Ìlàjẹ mọ ẹní í hun, aláwọ̀ oríṣiríṣi, èyí tí ènìyàn lè tẹ́ sí pálọ̀ láìtijú àlejò.

OHUN TÍ Ẹ Ó JẸ

Àlejò tí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa tí ó ní àmàlà ni òun fẹ́ jẹ, kò tí ì dé ni. Púpurú ni oúnjẹ wa, àwa àti àwọn Ìkálẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ni a fi ń ṣe é. A ó bó o, a ó rẹ ẹ́ sínú omi fún bí ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà títí yóò fi rọ̀, a ó fún omi rẹ̀ kúrò, a ó yọ ìdọ̀tí inú rẹ̀, a ó sì mọ ọ́n ní ríbìtì bí bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn èyí ni a ó tò ó sókè ààrò kí iná àti èéfín lè gbẹ ẹ́. Ara rẹ̀ á dúdú, inú rẹ̀ á funfun. Nígbà tí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, a ó ha dúdú náà kúrò, a ó gún un, a ó kù ú, a ó sì rò ó nínú omi gbígbóná. Èéfín tí ó gbà yìí ni kì í jẹ́ kí ó bàjẹ́ kíákíá, òun náà ni ó sì fún un ní òórùn tí ó fi yàtọ̀ sí fùfú.

Ẹja tútù ni a fi ń jẹ ẹ́. Bí ẹ bá rí ọbẹ̀ ọ̀bọ̀kún, tàbí ọbẹ̀ tí wọ́n fi akàn àti edé sè pọ̀, ẹ jókòó, ẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa. Bí wọ́n bá gbé ọbẹ̀ dúdú kan wá tí wọ́n pè ní marúgbó, ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ bà yín lẹ́rù. Ewé ni ó sọ ọ́ dúdú, ẹni tí ó bá sì tọ́ ọ wò a máa bèèrè èyí tí ó kù nínú ìkòkò.

Bí orin bá ń lọ níbi ìnáwó kan, bírípo ni. Ẹ wo bí àwọn àgbà ti ń jó o. Ìdí àti ẹsẹ̀ wọn ń ṣe bí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ tí omi ń mì. Ẹ jó díẹ̀, ẹ ná owó díẹ̀, ẹ ó di ọmọ ilé.

ÒKUN KÌ Í HÓ RURU

Àwọn baba wa ní òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Òwe ni fún ẹ̀yin ará òkè. Fún àwa, òfin ni.

Àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ wá, láti oṣù kejìlá títí di oṣù kejì. Nígbà òjò, ìgbì a máa ga, ewéko ojú omi aláwọ̀ àlùkò a sì máa bo odò títí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kò fi ní lè yí. Ewéko yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa; ọdún 1984 ni ó gba ojú omi Porto-Novo wọ Bàdágìrì, tí ó sì tàn ká. Iyọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi òkun bá wọ inú odò, yóò kú.

Kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ wò ó bóyá èrò ti kún jù. Bí ó bá ti kún, ẹ dúró de òmíràn. Ẹ bèèrè ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, èyí tí wọ́n ń pè ní láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì so okùn rẹ̀. Mo ti rí ọ̀gbẹ́ni kan tí ó kọ̀ láti wọ̀ ọ́ nítorí pé yóò ba agbádá rẹ̀ jẹ́. Awakọ̀ kò bá a jiyàn. Ó paná ẹ́ńjìnnì, ó ní òun kò lọ mọ́. Àwọn èrò yòókù ni wọ́n bẹ ọ̀gbẹ́ni náà títí ó fi wọ̀ ọ́ sórí agbádá. Awakọ̀ náà ṣe ohun tí ó tọ́.

Bí ẹ bá ti jókòó, ẹ má dìde dúró láti ya àwòrán. Ẹ di owó, fóònù àti ìwé yín sínú ọ̀rá. Ẹ gbé omi mímu dání, nítorí omi tí ó yí àwọn ìlú etí òkun ká, iyọ̀ ni. Omi òjò ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbè pamọ́. Ẹ mú iná tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Owó ẹyọ ni kí ẹ mú wá. Ẹ má gbọ́kàn lé báńkì.

Ní ti ìkíni, ẹ kí àgbà tí ẹ bá bá nínú ọkọ̀ kí ẹ tó jókòó. Bí ẹ bá dé ìlú kan, ẹ bèèrè ilé baálẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá. Àwọn ọba tí ẹ ó máa gbọ́ orúkọ wọn ni Amapetu ti Máhìn, Olúgbò ti Ugbò, Maporure ti Ahéri, àti Onikan ti Etíkàn. Àwọn ará Ugbò yóò sọ fún yín pé àwọn ni Ìgbò tí ìtàn Mọ́remí ń sọ, pé àwọn ti wà ní Ifẹ̀ kí Odùduwà tó dé. Bí ẹ bá ti gbọ́ ìtàn náà lọ́nà mìíràn nílé-ìwé, ẹ fetí sílẹ̀, ẹ má bá wọn jiyàn. Àlejò kì í mọ ilé ju onílé lọ.

AYÉTÒRÒ

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ rí jù lọ nìyí. Láti Igbókòdá, ọkọ̀ omi ni yóò gbé yín dé ibẹ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1947, àwọn onígbàgbọ́ kan tí wọ́n ti inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù jáde, tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí nítorí ìgbàgbọ́ wọn, kó ara wọn jọ sí ilẹ̀ ẹrẹ̀ kan létí òkun. Wọ́n ri òpó mọ́ ẹrẹ̀, wọ́n kọ́ ilé lé e, wọ́n fi pákó ṣe ọ̀nà láti ilé dé ilé. Wọ́n sọ ibẹ̀ ní Ayétòrò. Wọ́n pinnu pé ohun gbogbo yóò jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn Àpọ́sítélì nínú Bíbélì. Kò sí ẹni tí ń gba owó iṣẹ́. Ẹni tí ó pẹja, ẹni tí ó hun aṣọ, ẹni tí ó rán bàtà, ẹni tí ó yan búrẹ́dì, ẹni tí ó kan ọkọ̀, inú àpò kan ni èrè gbogbo wọn ń lọ, láti inú àpò kan náà ni wọ́n sì ti ń jẹ, tí wọ́n ti ń wọṣọ. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ odò láti fi la ọ̀nà fún ọkọ̀. Ní ọdún 1953, wọ́n ti ní iná mànàmáná, nígbà tí fìtílà ṣì ni ọ̀pọ̀ ìlú ńláńlá ń tàn. Àwọn òyìnbó onímọ̀ ń wá láti òkè òkun láti wá wo bí wọ́n ti ṣe é. Ọ̀kan nínú wọn, Stanley Barrett, kọ odidi ìwé nípa wọn ní ọdún 1977.

Lẹ́yìn tí ọba wọn àkọ́kọ́ wàjà ní ọdún 1966, ètò àpò kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní ohun tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ìlú náà wà. Ohun tí ń lé e báyìí kì í ṣe àìṣọ̀kan. Òkun ni.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi èyí kọ́ àwọn ọmọ yín ní jọ́gíráfì. Láti Bàdágìrì gba Èkó kọjá, etíkun wa jẹ́ yanrìn. Ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní Araromi, ẹ ṣì lè rí yanrìn tí ọmọdé lè fi ṣeré. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lọ sí ìlà oòrùn, yanrìn yóò pòórá, ẹrẹ̀ ni yóò kù. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ mú orúkọ ìlú wa fún un: etíkun ẹrẹ̀ Máhìn ni wọ́n ń pè é. Ẹrẹ̀ kì í dá ìgbì dúró bí yanrìn. Ilẹ̀ náà kò ga, òkun àgbáyé sì ń pọ̀ sí i. Ní apá Awoye, àwọn odò tí wọ́n gbẹ́ nítorí iṣẹ́ epo rọ̀bì ṣí ilẹ̀kùn fún omi iyọ̀, igi inú ẹrẹ̀ kú, ilẹ̀ sì ń wó.

Ní Ayétòrò, òkun ti gbé ilé gbígbé, ó ti gbé ilé-ìwé, ó ti gbé itẹ́ òkú. Wọ́n ti ṣí ilé ìjọsìn kúrò níwájú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí ẹ bá dúró sí etí omi, tí àgbàlagbà kan bá na ọwọ́ sí àárín ìgbì tí ó ní, “Ibẹ̀ yẹn ni a bí mi sí,” ẹ má rò pé ó ń ṣàwàdà. Ayé tòrò, òkun ni kò tòrò.

Nínú kíláàsì mi, mo ní ọmọ tí ìdílé rẹ̀ kó wá láti etí òkun nítorí èyí. Nígbà tí mo ní kí olúkúlùkù ya àwòrán ilé baba rẹ̀, ó ya ìlà gbọọrọ kan fún omi, ó ya òpó mẹ́rin lórí rẹ̀, kò sì ya ilé. Mo fún un ní máàkì rẹ̀ pé.

HAMBURG NÁÀ, ORÍ ÒPÓ NI

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀rọ̀ Jámánì díẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀. Ìlú Hamburg tí àwọn Gaiser ti wá, ìlú omi ni bíi tiwa. Àwọn ilé ìkẹ́rùsí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Speicherstadt, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1883, ọdún méjì péré kí Nachtigal tó dé Máhìn. Orí òpó igi tí wọ́n rì mọ́ ẹrẹ̀ ni bíríkì gbogbo ilé náà dúró lé. Ní ọdún 2015, àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ohun ìní gbogbo ayé, àwọn àlejò sì ń wọ́ lọ wò ó. Òpó ni ti wọn, òpó ni tiwa.

Ní oṣù kejì ọdún 1962, ìjì gbé omi wọ Hamburg ní òru, ènìyàn 315 sì kú nínú ìlú náà. Àwọn ará Hamburg sin òkú wọn, lẹ́yìn náà wọ́n gbé odi omi wọn ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òyìnbó nìkan ló lè ṣe é. Ní Keta ní ilẹ̀ Ghana, òkun jẹ ìlú náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí kan apá kan odi tí àwọn ará Denmark kọ́ síbẹ̀ ní ọdún 1784. Ìjọba Ghana ṣe ìdènà òkun níbẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 2004. Ní ọdún 2004 yìí kan náà ni àjọ NDDC kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ ìdènà òkun Ayétòrò fún agbaṣẹ́ṣe. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 2024, àwọn ará Ayétòrò ṣì ń ké pé àwọn kò rí odi.

Ìlú wa kì í sì í ṣe ìlú tí kò mú nǹkan wá sílé. Inú omi Ìlàjẹ ni epo rọ̀bì ti ń jáde, òun ni ó mú kí Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn tí ń gba ìdá mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún owó epo gẹ́gẹ́ bí ìwé òfin 1999 ti wí. Ní oṣù kaàrún ọdún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ lọ sí ibi ìwapo Parabe tí í ṣe ti Chevron láti fẹ̀hónú hàn nípa omi àti ilẹ̀ wọn. Àwọn sójà dé, ẹni méjì kú. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ San Francisco ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2008, àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ dá ilé-iṣẹ́ náà láre. Ẹjọ́ ti parí. Òkun kò dúró gbọ́ ìdájọ́.

ÌWÀ ÀLEJÒ

Nítorí náà, bí ẹ bá wá, ẹ wá bí ọmọlúàbí. Mo ti rí àwọn tí ó wá ya àwòrán ilé tí ó wó, tí wọ́n rẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì lọ láì ra ẹyọ edé kan. Ilé ẹni tí ó wó kì í ṣe ìran wíwò. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya ènìyàn tàbí ilé rẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà níbi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ bọ́ ọ. Ẹ ra ẹja, ẹ ra ẹní, ẹ jẹun lọ́dọ̀ wọn, ẹ san owó ọkọ̀ láìjà. Bí ẹ kò bá lágbára, ẹ má ṣèlérí. Àwọn ará Ayétòrò ti gbọ́ ìlérí tó.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ kíláàsì gíga wá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, wọn yóò kọ́ ìtàn àwọn òyìnbó tí ń pín ilẹ̀ wa, wọn yóò kọ́ ìyàtọ̀ yanrìn àti ẹrẹ̀, wọn yóò sì rí àwọn ènìyàn tí ó dá iná mànàmáná tiwọn sílẹ̀ láìdúró de ìjọba. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ wá wo ibi tí ẹja tí ẹ ń tà ti ń wá, kí ẹ lè mọ ìdí tí owó rẹ̀ fi ń lọ sókè. Nígbà tí ẹ bá padà sílé, ẹ sọ̀rọ̀ ohun tí ẹ rí fún aṣojú yín nílé ìgbìmọ̀, nítorí ohùn àwa nìkan ti há tán.

Wọ́n ní ojúlarí, ọ̀rẹ́ kò dénú. Ẹni tí a kò rí rí ńkọ́? Bí gbogbo ayé bá mọ Ayétòrò bí wọ́n ti mọ Òkè Olúmọ, yóò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti jẹ́ kí ó rì ní ìdákẹ́jẹ́. Ẹ máa bọ̀ o. Ọkọ̀ ń bẹ létí omi, púpurú ń bẹ lókè ààrò.